Olórí Ilé Àkọsílẹ̀ Ìjọba àti Ìwé Kétu

Ilé àkọsílẹ̀ ìjọba ni ibi tí orílẹ̀-èdè ń tọ́jú àwọn ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ṣiṣẹ́, nígbà tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò bá nílò wọn mọ́. Ìròyìn ajẹ́lẹ̀, lẹ́tà láàárín gómìnà àti ọba, ìwé owó orí, ìwé ẹjọ́, àwòrán ilẹ̀, orúkọ àwọn tí a kó lọ sójú ogun: ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń parí sí bí ohun gbogbo bá lọ bó ṣe yẹ. Ẹni tí ìjọba fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀ ni a ó máa pè ní Olórí Ilé Àkọsílẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, Àjàṣẹ́ ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn ni a ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé àtijọ́ lásán ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Agbára mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń sọ ìwé tí yóò wà títí àti èyí tí a lè sọ nù. Òun ló ń sọ ọ̀nà tí a ó gbà tò wọ́n kí ẹni tí ń wá nǹkan lè rí i. Òun náà ló ń sọ ìgbà tí ará ìlú lè kà wọ́n. Ìlú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé wọ̀nyí wà lábẹ́ agbára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yálà ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀. A yan Kétu láti fi ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ìwé ìlú náà pín sí ọwọ́ púpọ̀, ó sì jẹ́ ìlú tí ó ní olùtọ́jú ìtàn tirẹ̀ kí ìjọba aláwọ̀ funfun tó dé.

Bàbá Ẹlẹ́gùn, olùtọ́jú ìtàn Kétu

Kétu wà lórí òkè pẹrẹsẹ ní ìlà-oòrùn Benin, ní ẹkùn tí a ń pè ní Plateau lónìí. Kọmúùnù márùn-ún ló wà ní ẹkùn náà: Kétou, Pobè, Sakété, Ifangni àti Adja-Ouèrè. Ìlú àtijọ́ ni, yàrà ńlá àti odi yí i ká, ẹnu-bodè rẹ̀ tí a ń pè ní Àkàbà Ìdèná sì ṣì wà níbẹ̀ tí àwọn àlejò ń lọ wò ó. Alákétu ni orúkọ oyè ọba rẹ̀.

Ní ààfin Kétu, oyè kan wà tí ó ń jẹ́ Bàbá Ẹlẹ́gùn. Iṣẹ́ ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ni láti mọ ìtàn àwọn ọba sórí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì kà á nígbà tí a bá ń fi ọba tuntun jẹ. Ọ̀yọ́ ní àwọn Arọ́kin tirẹ̀, tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé oyè ni. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn ìtàn ló ń dá a ṣe. Ìlú ló ń bọ̀wọ̀ fún un, ọjọ́ tí yóò sì sọ ohun tí ó mọ̀ kò fara sin.

Ní 1886, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu pátápátá. A kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ sí ìhà Àgbómẹ̀, ìlú sì di ahoro. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Faransé ti ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn tí ó kù láàyè padà wá tún ìlú kọ́, tí Onyegen sì jọba. Bí ìtàn Kétu bá jẹ́ ti inú ìwé nìkan, ì bá ti jóná pẹ̀lú ààfin. Orí ènìyàn ni ó wà, nítorí náà ó bá àwọn ènìyàn lọ, ó sì bá wọn padà.

Ṣùgbọ́n orí ènìyàn náà ní ewu tirẹ̀, nítorí pé olóyè lè kú kí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ tó kọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Nínú ọ̀rúndún ogún, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí Kétu mọ̀ sílẹ̀. Ọmọ Kétu ni ọ̀kan nínú wọn, Thomas Moulero, tí a fi jẹ àlùfáà Kátólíìkì ní 1928, ọmọ Dàhòmì àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Ó ti tẹ ìtàn Kétu jáde nínú ìwé ìròyìn La Reconnaissance Africaine kí ó tó di àlùfáà. Édouard Dunglas, òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé, kọ ìtàn Àgbómẹ̀, Kétu àti Ouidah, èyí tí a tẹ̀ nínú Études Dahoméennes ní 1957 àti 1958. Geoffrey Parrinder, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, tẹ The Story of Ketu jáde ní Ìbàdàn ní 1956. Ohun tí àwọn wọ̀nyí rí kọ, ẹnu àwọn àgbà Kétu ni wọ́n ti gbọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bí ìwé Kétu ṣe pín

Ní January 1853, Samuel Ajayi Crowther gba Abẹ́òkúta lọ sí Kétu, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀. Ọba Adebia ló wà lórí oyè nígbà náà. Ìwé ìrìn-àjò náà wà lára àwọn ìwé ìjọ CMS, Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń tọ́jú wọn lónìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ibi tí òkun là sí àárín ni ìwé tí a kọ nípa Kétu ń gbé.

Ní 10 August 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ààlà. Ìlà tí wọ́n fà la ilẹ̀ Alákétu sí méjì. Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó wà lábẹ́ Alákétu tẹ́lẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà lọ, ìjọba méjì ló ń kọ̀wé nípa ìdílé kan náà, ní èdè méjì, wọ́n sì ń fi ìwé wọn ránṣẹ́ sí olú ìlú méjì.

Ní ìhà Faransé, ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní Zagnanado ló kọ́kọ́ ń ṣàkóso Kétu. Lẹ́yìn náà ni a dá ẹkùn Holli-Kétou sílẹ̀, tí Pobè jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ìròyìn àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí ń lọ sí ọ̀dọ̀ gómìnà ní Àjàṣẹ́. Èyí tí ó bá wúwo ń ti Àjàṣẹ́ lọ sí Dakar, níbi tí gómìnà àgbà gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà Faransé wà. Èyí tí ó bá sì kan ilé iṣẹ́ mínísítà ń dé Paris. Ìlú Aix-en-Provence ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà báyìí. Ní ìhà Gẹ̀ẹ́sì, ìwé Ìmẹ̀kọ ń lọ sí Ìlaró àti Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló sì ti parí sí ilé àkọsílẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ẹ ka àwọn ibi náà: Birmingham, Àjàṣẹ́, Dakar, Aix, Ìbàdàn. Kò sí èyí tí ó jẹ́ Kétu. Ọmọ Kétu tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìjọba kọ nípa bàbá ńlá rẹ̀, iṣẹ́ àwọn Olórí Ilé Àkọsílẹ̀ ní ìlú wọ̀nyí ló gbójú lé.

Bí a ṣe dá ilé àkọsílẹ̀ méjèèjì sílẹ̀

Ní 1 July 1913, gómìnà àgbà William Ponty ṣe òfin tí ó dá ilé àkọsílẹ̀ sílẹ̀ ní Dakar, tí ó sì ní kí ìlú amọ́nà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ti Dàhòmì bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1914. Claude Faure, ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ló ṣètò ti Dakar. Ìlànà tí ó bá ibẹ̀ wá ni a fi ń mọ ìwé títí dòní: lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì kan fún irú ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà sì tẹ̀lé e. Àwọn òpìtàn tí wọ́n ti jókòó kàwé ní Àjàṣẹ́ mọ 1E dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ìròyìn nípa àwọn ọba wà.

Dàhòmì gba òmìnira ní 1 August 1960, ó sì yí orúkọ padà sí Benin ní 30 November 1975. Ilé àkọsílẹ̀ náà di ti orílẹ̀-èdè. Ní 1997, UNESCO kọ àwọn ìwé ìgbà amọ́nà tí ó wà níbẹ̀ sínú ìwé orúkọ Ìrántí Àgbáyé, ní ọdún kan náà tí ti Dakar wọlé. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìròyìn ajẹ́lẹ̀ Pobè àti Zagnanado wà lára ohun tí àgbáyé gbà pé kò gbọdọ̀ sọnù.

Ní Nàìjíríà, Kenneth Onwuka Dike ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Òpìtàn ni, olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ní 1951 ìjọba ní kí ó lọ wo ipò tí ìwé ìjọba wà káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìròyìn rẹ̀ ló mú kí a dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1954, kí òfin sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1957. Inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni a kọ́ ilé rẹ̀ sí. Ẹ̀ka wà ní Kaduna àti Enugu. Òfin 1992 ló rọ́pò ti 1957.

Ẹ wo ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Ti Àjàṣẹ́, ìjọba amọ́nà ló dá a sílẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀. Ti Ìbàdàn, òpìtàn ọmọ Áfíríkà ló lọ káàkiri, tí ó rí ìwé tí ikán àti òjò ń bá jà, tí ó sì bá ìjọba sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbọ́. Ọ̀gá kan tí ó mọ iye ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ lè yí ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè ń gbà tọ́jú ìwé padà.

Agbára àkọ́kọ́: kí ni kí a pa mọ́?

Kò sí ìjọba tí ó lè pa gbogbo ìwé rẹ̀ mọ́. Risíìtì epo ọkọ̀, ìwé ìkésíni sí ìpàdé, ẹ̀dà mẹ́fà lẹ́tà kan náà: bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, èyí tí ó níye lórí yóò rì sí abẹ́ wọn. Nítorí náà Olórí Ilé Àkọsílẹ̀ ń bá ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ṣe ìwé àdéhùn tí ó sọ pé irú ìwé báyìí, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún báyìí. Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ ọ́ nù, tàbí kí ẹ kó o wá fún wa. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń lọ wo yàrá ìwé ní ilé iṣẹ́ wọ̀nyí kí ọjọ́ náà tó pé. Òfin Nàìjíríà sọ pé a kò gbọdọ̀ ba ìwé ìjọba jẹ́ láìgba àṣẹ Olórí.

Àṣẹ yẹn ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Brazil yóò jẹ́ kí a rí ìdí rẹ̀, ó sì kan Kétu gan-an. Lára àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ni àwọn ọmọ Kétu wà, orúkọ ìlú náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ní Salvador ń jẹ́ títí dòní. Ọ̀kan nínú wọn, ilé Alaketu, ń sọ pé ìdílé ọba Kétu ni ìyá tí ó dá a sílẹ̀ ti wá. Brazil fòpin sí oko ẹrú ní 1888. Ní 14 December 1890, Rui Barbosa, mínísítà ètò ìnáwó, pàṣẹ pé kí a kó ìwé oko ẹrú tí ó wà ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ jọ, kí a sì sun wọ́n.

Brazil ní ilé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè nígbà náà. Ó ti wà láti 1838. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ ìnáwó ni ó wà, ọwọ́ mínísítà kan sì ni àṣẹ wà. Kì í ṣe gbogbo ìwé oko ẹrú Brazil ló jóná. Èyí tí ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ẹjọ́ àti ní àwọn ìpínlẹ̀ ṣì ń bẹ. Síbẹ̀, ọmọ Bahia tí ń wá orúkọ ìyá ńlá rẹ̀ tí ó ti Kétu wá lè kan ibi tí ọ̀nà ti já. Nígbà tí a bá ń béèrè pé kí ló dé tí ilé àkọsílẹ̀ fi nílò òfin tí mínísítà kò lè fọwọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdáhùn nìyẹn.

Agbára kejì: báwo ni kí a tò ó?

Ẹni tí kò tíì wọ ilé àkọsílẹ̀ rí máa ń rò pé òun yóò béèrè fún «ìwé Kétu», wọn yóò sì gbé àpótí kan fún òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí ilé àkọsílẹ̀ gbogbo ayé ń tẹ̀ lé, tí ilẹ̀ Faransé sọ di àṣẹ ní 1841, ni pé ìwé kò gbọdọ̀ kúrò lára ilé iṣẹ́ tí ó kọ ọ́. Ìwé ajẹ́lẹ̀ Pobè wà pẹ̀lú ara wọn. Ti Zagnanado wà pẹ̀lú ara wọn. A kì í yọ èyí tí ó dárúkọ Kétu kúrò nínú wọn láti kó o jọ síbòmíràn.

Ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé lẹ́tà kan ṣoṣo kò lè sọ òótọ́ fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó kọ ọ́, ẹni tí ó kọ ọ́ sí, lẹ́tà tí ó ń dá lóhùn àti ohun tí ọ̀gá sọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fa ewé kan ya kúrò láàárín wọn, a ti pa ẹ̀rí lára.

Iṣẹ́ tí ó kù fún Olórí Ilé Àkọsílẹ̀ ni láti ṣe ìwé atọ́nà, tí yóò sọ fún ẹni tí ń kàwé pé àpótí báyìí ni ó ní ọ̀rọ̀ báyìí nínú. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orúkọ ti ń le. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Faransé ń kọ Kétou, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ Ketu. Àwọn Ọ̀họ̀rí di Holli tàbí Hollidjé. Ìmẹ̀kọ di Meko. Ìjà tí àwọn Ọ̀họ̀rí bá Faransé jà ní 1914 àti 1915, ọ̀tẹ̀ ni ìwé ìjọba pè é. Àwọn Ọ̀họ̀rí kò pè é bẹ́ẹ̀. Olórí Ilé Àkọsílẹ̀ kò ní àṣẹ láti pa orúkọ tí ajẹ́lẹ̀ kọ sára fáìlì rẹ́, nítorí orúkọ yẹn náà jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ó ní àṣẹ láti fi orúkọ tí ará ìlú ń pe nǹkan sínú ìwé atọ́nà, kí ọmọ Ọ̀họ̀rí lè rí ìtàn ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kọ́ bí àlejò ṣe ń pè é. Iṣẹ́ yìí kò náwó púpọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a ṣe é ju àwọn tí ó gbọ́ èdè lọ.

Agbára kẹta: ta ni ó lè kà á?

Nígbà ìyípadà ìjọba ní ilẹ̀ Faransé, òfin 1794 sọ pé ará ìlú lè wá wo ìwé ìjọba. Ìyẹn ni ó yí ilé àkọsílẹ̀ padà kúrò ní àpótí ọba. Lónìí, àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni pé ìwé ń wà ní títì fún iye ọdún kan, lẹ́yìn èyí ni a ó ṣí i. Ìwé ìlera ènìyàn, ti ẹjọ́ ọmọdé àti ti ààbò ìlú máa ń pẹ́ ju ti yòókù lọ. Olórí Ilé Àkọsílẹ̀ ló wà láàárín: ìjọba ń fẹ́ kí ìlẹ̀kùn wà ní títì, àwọn tí ń ṣèwádìí ń fẹ́ kí ó ṣí. Bí ó bá ṣí i ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè ba ènìyàn lórúkọ jẹ́. Bí ó bá tì í ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti di ẹni tí ń bá ìjọba fi nǹkan pamọ́.

Kì í ṣe àwọn òpìtàn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tí ń jà fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní kóòtù ń wá àwòrán ilẹ̀. Ẹni tí ń wá ìwé ọmọ ìlú ń wá ìwé ìbí òbí rẹ̀. Ìdílé tí ń du oyè ń wá lẹ́tà tí gómìnà kọ nígbà tí a yan ọba kan. Ẹ̀dà tí ilé àkọsílẹ̀ bá fi òǹtẹ̀ lù ni wọn yóò mú lọ. Bí òǹtẹ̀ náà kò bá ṣeé gbára lé, kò sí èyí tí yóò ṣeé gbára lé nínú wọn.

Ohun tí ìwé sọ àti ohun tí kò sọ

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ Alaba Ida. Ìyàwó Alákétu Onyegen ni. Nínú ọdún mẹ́wàá kejì ti ọ̀rúndún ogún, àwọn Faransé gbé e ga títí ó fi di ẹni tí ń ṣàkóso Kétu fún wọn. Obìnrin mìíràn, Yá Ṣẹ̀gẹ́n, tí ó jẹ́ olórí ẹ̀sìn, di alágbára ní ìgbà kan náà. Owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó àwọn ọ̀dọ́ sínú ogun 1914 sí 1918 bí àwọn ènìyàn nínú, ọ̀pọ̀ sì kọjá ààlà lọ sí ìhà Ìmẹ̀kọ.

Nínú ìròyìn ajẹ́lẹ̀, ohun tí ìjọba ń wá ló hàn jù: owó orí wọlé tàbí kò wọlé, ọ̀dọ́ mélòó ni a rí kó. Ẹni tí ó bá ka ti Àjàṣẹ́ nìkan yóò rí àwọn tí ó lọ. Ẹni tí ó bá ka ti Ìbàdàn nìkan yóò rí àwọn tí ó dé. Ẹni tí kò bá béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà Kétu kò ní mọ ohun tí wọ́n gbé lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ló kó ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ní 1970 ó tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó fi ipò Alákétu wé ti Onímẹ̀kọ lábẹ́ ìjọba aláwọ̀ funfun méjèèjì. Ní 1976, ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá láti 1889 sí 1945 jáde. Kò ní ṣeé ṣe bí ẹnì kan kò bá ti tọ́jú ìwé ní ìhà méjèèjì ààlà, tí ó sì jẹ́ kí ó kà wọ́n.

Nítorí náà, a kò gbà pé ìwé ti gba ipò Bàbá Ẹlẹ́gùn. Ìwé ìjọba mọ ọjọ́ àti iye; kò mọ orúkọ tí ìdílé ń fi ki ara wọn. Bàbá Ẹlẹ́gùn mọ ìdí tí ìdílé kan fi jọba lẹ́yìn èkejì. Kò ní iye owó orí ọdún kan pàtó. Olórí Ilé Àkọsílẹ̀ tí ó gbọ́n ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, ọjọ́ tí ó sọ ọ́ àti ibi tí ó ti sọ ọ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ìtàn púpọ̀ so mọ́ Kétu, wọ ìwé orúkọ UNESCO gẹ́gẹ́ bí ogún àtẹnudẹ́nu tí Benin, Nàìjíríà àti Togo jọ ni. Ogún tí ó ṣeé pín bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ìrántí tí kò sí lórí bébà náà ń fẹ́ olùtọ́jú.

Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà yìí ni ọ̀tá pọ̀ fún. Ọ̀sà ni Àjàṣẹ́ wà létí rẹ̀, ọ̀rinrin sì ń jẹ bébà. Ikán, eku, oòrùn láti ojú fèrèsé, ọwọ́ àwọn tí ń kàwé: gbogbo wọn ń gba díẹ̀ díẹ̀. Yàwòrán ìwé sínú kọ̀ǹpútà ń ran ni lọ́wọ́, nítorí kò ní sí ìdí láti máa fọwọ́ kan ojúlówó. Ṣùgbọ́n kò parí iṣẹ́. Fáìlì inú kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti ṣí lẹ́yìn ogún ọdún bí a kò bá máa gbé e láti inú ẹ̀rọ àtijọ́ sínú tuntun, nígbà tí lẹ́tà 1894 ṣì ń ṣeé kà pẹ̀lú ojú lásán. Àwọn ìwé ìjọba òde òní, tí kò tilẹ̀ fi bébà bẹ̀rẹ̀, ló ń fẹ́ àkíyèsí jù.

Ìṣòro kejì ni ti ìlú kéékèèké. Láti ìgbà ìdìbò kọmúùnù 2002 àti 2003, kọmúùnù 77 tí ó wà ní Benin ló ń ṣàkóso ọ̀ràn ara wọn. Ti Kétou ní àgbègbè mẹ́fà: Kétou, Adakplamè, Idigny, Kpankou, Odometa àti Okpometa. Ìwé ilẹ̀, ìwé ìbí àti ìpinnu ìgbìmọ̀ ń jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìtàn Kétu ti ọ̀rúndún yìí, ilé iṣẹ́ mérì ni a ti ń kọ ọ́, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀ ní Pobè mọ́. Bí kò bá sí ẹni tí Olórí Ilé Àkọsílẹ̀ kọ́ ní iṣẹ́ ní irú ibẹ̀, ohun tí ogun 1886 kò lè pa run, yàrá kan tí òjò ń wọ̀ lè pa á run láìsí ariwo.

Fún ẹni tí yóò lọ ṣèwádìí

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti olùwádìí tí ń lọ sí ilé àkọsílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Kétu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí nǹkan márùn-ún.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣàkóso ìlú náà ní ọdún tí ẹ ń wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Faransé, Zagnanado ni kí ẹ wò; fún ìgbà tí ó tẹ̀ lé e, Holli-Kétou.

Ẹ béèrè fún ìwé atọ́nà kí ẹ tó béèrè fún àpótí.

Ẹ wá orúkọ kan ní gbogbo ọ̀nà tí àlejò lè gbà kọ ọ́.

Ẹ kọ nọ́ńbà fáìlì sílẹ̀ ní kíkún, kí ẹlòmíràn lè padà lọ wò ó.

Ẹ má ṣe gba ìhà kan gbọ́ kí ẹ tó wo èkejì: Àjàṣẹ́ pẹ̀lú Ìbàdàn, ìwé pẹ̀lú ẹnu àgbà.

Àwọn tí ó wà nílé náà ní iṣẹ́ tiwọn. Ìwé ilẹ̀ bàbá yín, fọ́tò ìfọbajẹ, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú, kásẹ́ẹ̀tì tí a gba oríkì sí: ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ sí wọn nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Fọ́tò tí kò ní orúkọ lẹ́yìn kò lè sọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ fún ọmọ tí a kò tíì bí.